Ẹ Jẹ́ Kí Kérésì Máa Rìn Láti Ojúlé Dé Ojúlé: Lẹ́tà Ṣíṣí sí Àwọn Aṣáájú Tápà

Sí Alága Ìjọba Ìbílẹ̀ Àríwá Ìbàràpá ní Ayétẹ̀. Sí àwọn baálé agbo ilé, àwọn olórí ìjọ, àwọn àlùfáà mọ́sálásí àti àwọn ọ̀gá ilé-ìwé ní Tápà. Àti sí ẹ̀yin ọmọ ìlú tó wà ní Ìbàdàn, Èkó àti òkè òkun, tí ẹ máa ń fowó ránṣẹ́ sílé bí ọdún bá ń sún mọ́lé.

Ẹ̀bẹ̀ kan ṣoṣo ni mo mú wá. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe kó àwọn ọmọ wa jọ sójú kan nítorí ẹ̀bùn Kérésì mọ́. Owó, ìrẹsì, bisikíìtì àti aṣọ tí ẹ bá fẹ́ fún wọn, ẹ jẹ́ kí ó gba ọ̀nà tí Kérésì ń gbà nílẹ̀ yìí tẹ́lẹ̀: láti ojúlé dé ojúlé, láti ọwọ́ ẹni tí ọmọ mọ̀ sí ọwọ́ ọmọ tí ẹni náà mọ orúkọ rẹ̀. Mo mọ̀ pé inú rere ló ń mú kí ẹ fẹ́ pe gbogbo ọmọ ìlú sí pápá kan lọ́jọ́ kan. Inú rere náà ni mo fẹ́ bá jiyàn.

Ohun tó sọ ọ̀rọ̀ yìí di kánjúkánjú kò jìnnà sí wa. Ní Ọjọ́rú, ọjọ́ 18 oṣù Kejìlá ọdún 2024, wọ́n pe àwọn ọmọdé sí àríyá ọdún kan ní Islamic High School, Básọ̀run, ní Ìbàdàn. Ọ̀fẹ́ ni, ẹ̀bùn sì wà níbẹ̀. Kí ilẹ̀ tó mọ́ dáadáa ni àwọn òbí ti ń gbọ́mọ débẹ̀, tí èrò ti kún ẹnu géètì. Nígbà tí ọjọ́ náà fi máa parí, ọmọ 35 ti kú. Ọjọ́ mẹ́ta péré lẹ́yìn rẹ̀, èèyàn 10 kú níbi tí ìjọ Kátólíìkì kan ti fẹ́ pín oúnjẹ ní Maitama, Àbújá. Ọmọdé wà nínú wọn. Lọ́jọ́ kan náà ní Okija, ní ìpínlẹ̀ Anambra, àwọn tó kú níbi ìpín ìrẹsì lé ní 20. Ìlú mẹ́ta ni, àwọn olùṣètò wọn yàtọ̀ síra, ikú wọn sì jọra. Iṣẹ́ ilé ẹjọ́ ni láti sọ ẹni tó jẹ̀bi àti ẹni tí kò jẹ̀bi, èmi kò gba iṣẹ́ yẹn ṣe. Ohun tó kàn mí ni pé ètò tó gbé ikú wá lọ́jọ́ wọ̀nyẹn ni ètò tí à ń fojú sọ́nà fún báyìí ní gbogbo ìlú kékeré, tí àwọn tó lówó sì ń rò pé òun ni ọ̀nà tó dára jù láti fi mú inú àwọn ọmọ dùn.

Ẹnì kan yóò sọ pé àìsí ètò ló fà á, pé bí ọlọ́pàá bá pọ̀, tí géètì sì fẹ̀, irú rẹ̀ kò ní ṣẹlẹ̀. Òótọ́ díẹ̀ wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká wo bí irú èrò bẹ́ẹ̀ ṣe ń pani. Àwọn tí wọ́n tẹ̀ mọ́lẹ̀ nìkan kọ́ ló ń kú. Bí èrò bá ti fún tó èèyàn mẹ́fà tàbí méje lórí ilẹ̀ tí kò ju mítà kan lóròó àti mítà kan níbùú lọ, olúkúlùkù kò ní agbára lórí ẹsẹ̀ ara rẹ̀ mọ́. Ẹni tó wà níwájú kò lè dúró, ẹni tó wà lẹ́yìn kò mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ níwájú, ó ṣì ń tì. Àyà ni ó máa ń fún mọ́ra, tí èémí kò fi ní ráyè wọlé, ẹni tó wà lóòró gan-an lè kú lórí ìdúró. Àgbàlagbà lè gbé orí sókè wá afẹ́fẹ́. Ọmọ ọdún mẹ́fà ńkọ́, tí ojú rẹ̀ kò ga ju ìbàdí àwọn àgbà lọ? Ọ̀rọ̀ náà kì í sì í ṣe ti tálákà nìkan. Ní Sunderland, nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ní ọjọ́ 16 oṣù Kẹfà 1883, ọmọ 183 ló kú ní gbọ̀ngàn tí wọ́n ń pè ní Victoria Hall, nígbà tí wọ́n kéde ní ìparí eré pé ẹ̀bùn wà fún àwọn ọmọ. Àwọn tó jókòó sókè sáré sọ̀kalẹ̀ kí tiwọn má baà bọ́. Ilẹ̀kùn tó wà nísàlẹ̀ àtẹ̀gùn, wọ́n ti há a ní ààbọ̀ kí ọmọ kọ̀ọ̀kan lè máa gba ibẹ̀ kọjá. Ọ̀kan nínú àwọn ìjọba tó lówó jù láyé nígbà náà ló ń ṣàkóso ìlú yẹn. Níbi tí ọmọ púpọ̀, ẹ̀bùn tí kò dájú pé yóò kárí, àti ẹnu ọ̀nà tóóró bá ti pàdé, ewu ti jókòó síbẹ̀. Ìbàdàn, níbi tí ti 2024 ti ṣẹlẹ̀, ní ilé ìwòsàn ńlá UCH, ó ní olú iléeṣẹ́ ọlọ́pàá ìpínlẹ̀, ó ní àwọn ilé ìwòsàn aládàáni lọ́tùn-ún lósì. Bí irú rẹ̀ bá ṣẹlẹ̀ ní Tápà ní aago mẹ́sàn-án àárọ̀, ibo la fẹ́ gbé ọmọ márùndínlógójì lọ?

Ẹ jẹ́ ká wá wo bí ilẹ̀ yìí ṣe ń ṣe é kí pápá àti géètì tó dé. Inú ọyẹ́ ni Kérésì wa máa ń bọ́ sí. Afẹ́fẹ́ gbígbẹ á máa fẹ́ láti àríwá, ètè á la, ẹsẹ̀ àwọn ọmọ á funfun báláú bí wọn kò bá fi òróró pa á. Iṣẹ́ oko ti fúyẹ́ díẹ̀, àwọn ará aba á padà wọ ìlú, ilé-ìwé á ti gba ìsinmi. Aṣọ Kérésì wà lọ́dọ̀ télọ̀, ọmọ á sì máa dọ́gbọ́n gba iwájú ṣọ́ọ̀bù náà kọjá ní ojoojúmọ́ láti mọ̀ bóyá wọ́n ti gé e. Ní ọ̀pọ̀ ìlú Yorùbá, àwọn ọmọ fúnra wọn ló ń gé imọ̀ ọ̀pẹ, tí wọ́n á fi kọ́ ilé Kérésì síwájú ilé. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń kọrin, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń ṣeré, kò sí àgbà kan tó ń darí wọn. Bí ìsìn àárọ̀ ọjọ́ Kérésì bá ti parí, ọ̀wọ́ọ̀wọ́ ni wọ́n ń jáde, mẹ́rin níhìn-ín, márùn-ún lọ́hùn-ún, ẹ̀gbọ́n á fa àbúrò lọ́wọ́, wọ́n á dé ẹnu ilé kan: “Ẹ kú ọdún o, ẹ kú ìyèdún.” Onílé á dáhùn pé ọdún á yabo, á ṣe ọ̀pọ̀ rẹ̀ láyé. Ó lè fún wọn ní owó wẹ́wẹ́, ó lè bu ìrẹsì fún wọn, ó lè jẹ́ ṣínṣín, ó sì lè jẹ́ àdúrà nìkan. Láàárín gbogbo èyí, abọ́ tí a fi àwo dé ń kọjá láti ilé onígbàgbọ́ lọ sí ilé Àlàájì, sí ilé Ìyá Ìbejì, sí ilé bàbá oníṣègùn. Bí Iléyá bá dé, ẹran á gba ọ̀nà kan náà padà wá.

Ẹ fara balẹ̀ wo ọgbọ́n tó wà nínú ètò yìí, tí ẹnikẹ́ni kò jókòó yà sórí ìwé. Kò sí ibi tí èrò ti lè pọ̀ ju bó ti yẹ lọ, nítorí ẹnu ọ̀nà tó wà pọ̀ bí ilé ṣe pọ̀ tó. Kò sí ọmọ tó ń bẹ̀rù pé bí òun bá pẹ́ dé, ẹ̀bùn á tán. Bí ilé kan kò bá ní, ilé kejì á ní. Ẹni tó ń fúnni mọ ọmọ ẹni tí ọmọ náà í ṣe, ó lè béèrè ìyá rẹ̀, ó lè sọ fún un pé kí ó bọ́ fìlà kó tó kí àgbà. Ọmọ náà sì níṣẹ́ tirẹ̀: òun ló rìn, òun ló kí, òun ló gbé abọ́ tí kò sì dà á nù. Ẹ tẹ́tí sí àwọn àgbà bí wọ́n bá ń sọ̀rọ̀ Kérésì ìgbà èwe wọn. Ó ṣọ̀wọ́n kí ẹ gbọ́ iye ẹ̀bùn tí wọ́n gbà. Ọ̀nà tí wọ́n rìn ni wọ́n máa ń sọ, ilé tí wọ́n ti ń fúnni lẹ́ran ńlá, àti ilé ahun tí gbogbo ọmọ àdúgbò ti fohùn ṣọ̀kan pé àwọn kò ní yà sí. Ọmọ tó tò sórí ìlà fún wákàtí mẹ́rin, tí wọ́n fún ní ọ̀rá kan, tí wọ́n sì yà ní fọ́tò, kí ni yóò sọ fún ọmọ tirẹ̀?

Bí Yorùbá ṣe ń ṣọdún nìyí kí Kérésì tó dé, ìdí sì nìyẹn tí àwọn ọmọ kò fi nílò ẹni tí yóò kọ́ wọn. Egúngún kì í jókòó sójú kan kí ìlú máa tò wá gba ìre lọ́wọ́ rẹ̀. Òun ló ń lọ láti agbo ilé dé agbo ilé. Lẹ́yìn tí Kérésì dé pàápàá, àwọn ọ̀dọ́ tó ń kọ orin wéré nínú oṣù Ramadan, èyí tí orin fújì ti inú rẹ̀ jáde, àdúgbò ni wọ́n ń rìn ká láti jí àwọn èèyàn fún sààrì. Nígbà tí àwọn Àgùdà padà láti Brazil sí Èkó, eré Kàrétà tí wọ́n mú bọ̀ ń rìn láti òpópónà dé òpópónà nígbà Kérésì àti Àjíǹde. Àní lẹ́yìn òkun, àwọn ará Mexico ń ṣe tiwọn tí wọ́n ń pè ní Las Posadas láti ọjọ́ 16 sí ọjọ́ 24 oṣù Kejìlá: wọ́n á máa kan ilẹ̀kùn láti ilé dé ilé lálaalẹ́, bí Jósẹ́fù àti Màríà ṣe wá ibùsùn kiri ní Bẹ́tílẹ́hẹ́mù. Ìtàn Kérésì fúnra rẹ̀, ìtàn ilẹ̀kùn tí wọ́n kàn ni.

Ọ̀pọ̀ nínú àwọn onílé-ìwé wa gbà pé Kérésì gidi ni èyí tó ní igi, Bàbá Kérésì aláṣọ pupa, àti òwú funfun tí a lẹ̀ mọ́ ògiri kíláàsì bí yìnyín. (Ẹ dákun, ta ló rí yìnyín ní Tápà rí?) Wọ́n rò pé èyí ni ti àtayébáyé, pé tiwa jẹ́ àfarawé tí kò pé. Ìtàn kò gbè wọ́n. Oṣù Kejìlá 1842 ni Thomas Birch Freeman ti ìjọ Mẹ́tọ́díìsì àti Henry Townsend ti ẹgbẹ́ ajíhìnrere CMS jọ ṣe Kérésì ní Àgbádárìgì, lẹ́yìn tí Freeman ti ìrìn àjò Abẹ́òkúta dé. Ọdún 1843 ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ tẹ káàdì Kérésì àkọ́kọ́ ní Lọ́ńdọ̀nù. Ọdún 1843 náà ni Charles Dickens gbé ìwé Kérésì rẹ̀ tó lókìkí jáde. Ọ̀pọ̀ ohun tí à ń pè ní àṣà Gẹ̀ẹ́sì àtayébáyé, ẹgbẹ́ Kérésì ilẹ̀ Yorùbá ló jẹ́ lọ́jọ́ orí. Ṣáájú ìgbà náà, ní 1647, ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin Gẹ̀ẹ́sì ti fòfin de Kérésì pátápátá, ní Scotland, kò sì di ọjọ́ ìsinmi fún gbogbo ènìyàn títí di 1958. Ní ọjọ́ 9 oṣù Kìíní 1844, nígbà tí Àjàyí Crowther ṣe ìsìn Yorùbá àkọ́kọ́ ní Freetown, ẹsẹ tó mú fún ìwàásù wá láti orí kìíní ìwé Lúùkù, níbi tí áńgẹ́lì ti ń sọ fún Màríà nípa ọmọ tí yóò bí. Èdè wa àti ìtàn yìí ti jọ ń gbé tipẹ́. Imọ̀ ọ̀pẹ kò sì nílò ìyọ̀ǹda lọ́wọ́ òwú funfun.

Nínú àwọn àtakò sí ìrìn ojúlé yìí, èyí tó wúwo jù lọ ni ti ààbò, mi ò sì ní fojú kéré rẹ̀. Ìbàràpá ti rí ohun tójú kò yẹ kó rí. Ní oṣù Kẹfà 2021, àwọn agbébọn ya wọ Ìgangan tó jẹ́ aládùúgbò wa lóru, wọ́n pa èèyàn, wọ́n sì sun ààfin. Òbí tó bá sọ pé ọmọ òun kò ní rìn káàkiri lẹ́yìn irú èyí kò sọ àsọdùn. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká bi ara wa léèrè: ewo ló rọrùn láti dáàbò bò, ọmọ ẹgbẹ̀rún kan nínú pápá kan tí wọ́n ti polongo ọjọ́ àti wákàtí rẹ̀, àbí ọmọ márùn-ún ní ẹnu ilé tí gbogbo àdúgbò ń wò? Ọ̀sán gangan ni ìrìn Kérésì, láàárín aago mọ́kànlá sí aago mẹ́rin, kò sì ní kọjá àdúgbò ẹni. Àwọn ẹ̀ṣọ́ Àmọ̀tẹ́kùn àti àwọn ọdẹ ìlú tí ẹ bá fẹ́ kó jọ sí ẹnu géètì, ẹ pín wọn sí àwọn ìpẹ̀kun ìlú. Ohun tó ń bà mí lẹ́rù jù lójú ọ̀nà lọ́jọ́ ọdún ni ọ̀kadà tó ń sáré àsápajúdé àti ọlọ́tí tó wa mọ́tò, ìyẹn sì jẹ́ ohun tí Ìjọba Ìbílẹ̀ lè dá dúró pẹ̀lú okùn àti igi ìdábùú ní ọ̀nà tó la ìlú kọjá. Báńgà ńkọ́? Lọ́dọọdún ni ọlọ́pàá ń kéde pé àwọn ti fòfin dè é, lọ́dọọdún ni à ń gbọ́ ìró rẹ̀. Ọmọ tó yìn ín ni à ń lé kiri, nígbà tí ẹni tó tà á fún un jókòó sídìí àtẹ rẹ̀.

Àtakò kejì ni ti owó. Wọ́n á ní ìgbà ti yí padà, pé kò sí ẹni tó lè se ìkòkò ìrẹsì fún ọmọ ọlọ́mọ mọ́. Lóòótọ́, ní oṣù Kejìlá 2024, ìṣirò ìjọba fúnra rẹ̀ fi hàn pé ọ̀wọ́ngógó ọjà dé ìwọ̀n 34.80 nínú ọgọ́rùn-ún, àpò ìrẹsì kan sì ti ń bá ₦100,000 ṣeré. Àmọ́ ẹ wò ó dáadáa: èyí ni ìdí tí owó yín fi gbọ́dọ̀ dé ibi ìdáná agbo ilé kí ó tó dé ọwọ́ ọmọ. Bí ẹ bá ra àádọ́ta àpò, ẹ má ṣe tò ó sórí pèpéle kí gómìnà tàbí aṣojú rẹ̀ wá fọwọ́ kàn án. Ẹ pe baálé kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú ìyálé kan láti agbo ilé rẹ̀, ẹ wọn ìrẹsì fún wọn ní kóńgò kóńgò ní ọ̀sẹ̀ tó ṣáájú Kérésì, kí ilé tí kò ní lè di ilé tó ń fúnni lọ́jọ́ náà. Opó tí wọ́n máa ń tò sórí ìlà gba ọ̀rá ìrẹsì kan lè wá jókòó sẹ́nu ilé rẹ̀, kí àwọn ọmọ wá kí i, kí ó sì bu fún wọn. Ẹ̀bùn tó bá dé báyìí ti fi iyì kún un. Mo mọ̀ pé fọ́tò rẹ̀ kò ní dára tó ti pèpéle, pátákó tí a kọ orúkọ ọlọ́rẹ sí kò sì ní ríbi fi ara tì. Ẹ má bínú sí mi, ibẹ̀ gan-an ni wàhálà wà. Púpọ̀ nínú ohun tí a ń pè ní ìtọrẹ fún ọmọdé, àgbà ló wà fún. Bí orúkọ bá jẹ́ dandan, kí baálé kéde rẹ̀ nígbà tó bá ń pín in. Ìròyìn kì í pẹ́ kí ó tó kárí Tápà.

Àwọn kan ní ìrìn ojúlé yìí ń kọ́ ọmọ ní agbe ṣíṣe. Mo gbọ́ ọ, mi ò sì gbà. Alágbe kì í mú nǹkan wá. Ọmọ tó ń rìn lọ́jọ́ Kérésì gbé ìkíni wá, ọ̀pọ̀ ìgbà ló sì gbé abọ́ wá láti ilé tirẹ̀. Bí a bá ń wá ohun tó ń sọ ọmọ di alágbe, ẹ wo ìlà gígùn ní ẹnu géètì, níbi tí ọmọ tí kò mọ ẹnikẹ́ni ti ń na ọwọ́ sí ẹni tí kò mọ̀ ọ́n. Ohun tó bọ́gbọ́n mu nínú àtakò náà ni pé àwọn ọmọ kan ti ń bu ẹni tí kò fún wọn lówó. Ẹ̀kọ́ ni ìyẹn nílò, àwọn tíṣà sì lè fún wọn ní ọ̀sẹ̀ tó kẹ́yìn ní sáà ìkẹ́kọ̀ọ́, dípò àríyá tí ilé-ìwé mìíràn ń gba owó lé lórí, tí ọmọ ẹni tí kò ní á sì jókòó sílé lọ́jọ́ tí ẹgbẹ́ rẹ̀ ń jó.

Ọ̀rọ̀ ẹ̀sìn ló kù. Àlùfáà kan lè má fẹ́ kí ọmọ mùsùlùmí bá wọn lọ, pásítọ̀ kan sì wà tó ń kọ́ ìjọ rẹ̀ pé kí wọ́n má jẹ ẹran Iléyá. Mi ò ní bá wọn jiyàn lórí ìgbàgbọ́ wọn, kò sì sí ẹni tí a ó fi dandan mú. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin àlùfáà wa mọ̀ ju mí lọ pé Súrà Maryam nínú Àlùkùránì sọ nípa ìbí Ànábì Ísà, lábẹ́ igi dàbínù pẹ̀lú. Àti pé ẹ̀tọ́ aládùúgbò lórí ẹni kò kéré nínú ẹ̀sìn yín. Kí mùsùlùmí gba abọ́ lọ́wọ́ ọmọ aládùúgbò rẹ̀ kò sọ ọ́ di onígbàgbọ́, bí ẹran Iléyá kò ṣe sọ onígbàgbọ́ di mùsùlùmí. Ní ti àwọn oníwàásù tó ń sọ pé Bíbélì kò dárúkọ ọjọ́ 25 oṣù Kejìlá, òótọ́ ni wọ́n sọ. Kò dárúkọ ìpàgọ́ ọlọ́jọ́ méje tí wọ́n ń ṣe lóṣù náà pẹ̀lú.

Ohun tí mo ń bẹ̀bẹ̀ fún kò gba òfin tuntun, kò sì gba owó ju èyí tí ẹ ti ń ná lọ. Kí Ìjọba Ìbílẹ̀ má ṣe fọwọ́ sí ètò ìpín ẹ̀bùn tí yóò kó ọmọ jọ sẹ́nu géètì kan, yálà ti olóṣèlú ni tàbí ti ìjọ. Kí àwọn ìjọ parí ìsìn Kérésì kí ó tó di aago mọ́kànlá, kí oòrùn ọ̀sán jẹ́ ti àwọn ọmọ. Kí àwọn baálé jọ pinnu ààlà tí ọmọ àdúgbò kọ̀ọ̀kan kò ní kọjá, kí wọ́n sì yan àgbà tí yóò jókòó sí oríta. Kí ẹ̀yin tó wà lẹ́yìn odi fi owó yín ránṣẹ́ sí agbo ilé yín ní tààrà, kí ẹ sì wálé bí ọ̀nà bá gbà yín, nítorí ẹnu ilé tí kò sí ẹnikẹ́ni níbẹ̀ kò ṣeé kí. Oṣù Kọkànlá ni ìpàdé lórí èyí ti yẹ kó wáyé, kí ẹnikẹ́ni tó san owó pápá àti àga. Bí wọ́n bá ti lọ polongo lórí rédíò pé kí àwọn ọmọ máa bọ̀, ó ti pẹ́ jù, nítorí wọn á wá.

Èmi ni ọmọ yín,
láti Tápà.